Tíì Aago Mẹ́ta Òru

Dympna Geraghty ló ń gbé tíì wọlé.
Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ onírin yẹn
gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìjọba ní Dublin,
táyà kan ń ké bí ọmọ eku,
igbe rẹ̀ ló ń kéde obìnrin náà kó tó kan ilẹ̀kùn.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, bisikíìtì oníṣokoléètì wà nínú àwo.
Lálẹ́ kẹta, ó ku èyí tó gbẹ bí èèpo igi.
Alẹ́ karùn-ún la wà yìí: ṣúgà nìkan,
wọ́n sì ní kó ṣọ́ wàrà lò,
ìfowópamọ́ ti dé ilé ìdáná.

Àwọn kan jókòó síhìn-ín, àwọn kan jókòó sọ́hùn-ún,
tábìlì gùn láàárín wọn bí odò tí kò ní afárá.
Lápá fèrèsé, àwọn aṣojú Mínísítà,
aṣọ wọn kò rún, ojú wọn ló rún.
Lápá ògiri, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́:
Fergal Tuohy ti àwọn nọ́ọ̀sì,
olùkọ́ kan tó ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì,
ọkùnrin panápaná tí kò tíì la ẹnu láti ìrọ̀lẹ́.

"Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún," ni ìjọba wí.
"Márùn-ún lẹ pè é lánàá," ni Fergal wí.
"Àná ti lọ. Àwọn tó yá wa lówó kò sùn."
"Àwa náà kò sùn."
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́.

Dympna ń bu tíì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.
Ó mọ ẹni tí kì í fi ṣúgà sí i,
ó mọ ẹni tó ń fi mẹ́ta sí i tó ń purọ́ fún dókítà.
Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tirẹ̀
àfi Sorcha tó ń kọ àkọsílẹ̀,
tí bírò rẹ̀ dúró díẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á jáde:
"Àwọn ìpele ìsàlẹ̀: agbálẹ̀, aṣọ́nà, agbétíì."
Ìdá mẹ́rin ni tiwọn. Wọ́n pè é ní àánú.

Bí a bá gé ìka kan lọ́wọ́ ẹni tó ní mẹ́wàá,
tí a gé ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ní méjì,
ṣé a ó ní ọgbẹ́ kan náà ni?

Ó ṣírò rẹ̀ láàárín ife kẹrin sí ìkarùn-ún:
ìdá mẹ́rin ni epo ìmúlégbóná oṣù Ṣẹ́rẹ́,
tàbí bàtà ilé-ìwé Tadhg,
tàbí owó ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sligo lọ́jọ́ Àìkú
lọ́dọ̀ ìyá tí kò rántí mọ́
pé òun bí ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba,
iṣẹ́ tí ìyá náà máa ń pè ní òkúta nígbà kan,
tó ní òjò kankan ò lè gbé e lọ.

Tíì dànù sórí ìwé ẹnì kan. Ó nù ún.
Yíǹkì méje náà ṣàn, ó fẹ́ di ení.
"Má ṣèyọnu," ni ọkùnrin náà wí,
ó fa ìwé mìíràn yọ.
Méje ṣì ni.

Ní aago márùn-ún, wọ́n sinmi díẹ̀.
Panápaná yẹn wá dúró létí kẹ̀kẹ́:
"Ìwọ ńkọ́? Ẹgbẹ́ wo lo wà?"
"Tiyín. Ogún ọdún ni mo ti ń san owó oṣù fún un yín."
Ọkùnrin náà wo inú ife rẹ̀ pẹ́.
Orí ìwé ló ti máa ń bá wọn pàdé,
ìlà kan lábẹ́ ìlà mìíràn.
Ó lọ fọ ife náà fúnra rẹ̀, kò fọ̀ ọ́ dáadáa,
ó sì wọlé ṣáájú gbogbo wọn:
"Ẹ padà sí ojú ewé kẹsàn-án."

Ilẹ̀ ń mọ́ lórí odò Liffey,
ìmọ́lẹ̀ tó dà bí wàrà tí wọ́n fi omi là.
Dympna ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò tì í tán.
Ó fi àyè ìka kan sílẹ̀,
ó di táyà tó ń ké mú,
ó ń gbọ́.